Awọ Inú Ọbẹ̀, Awọ Ẹsẹ̀: Níbo ni bútù aláwọ gidi wà?

Bí ènìyàn bá bèèrè awọ màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà ọjà Abomey-Calavi, pọ̀nmọ́ ni wọn yóò nawọ́ sí. Bí ó bá ṣàlàyé pé bàtà ni òun fẹ́ fi rán, wọn yóò ní kí ó lọ sí Zongo ní Kútọnu. Òótọ́ méjì ló wà nínú ìdáhùn yẹn. Ẹnu wa ni ọ̀pọ̀ awọ ilẹ̀ wa ń gbà lọ. Ìwọ̀nba tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìkòkò sì wà lọ́wọ́ àwọn tí baba ńlá wọn tẹ̀lé ọ̀nà àríwá wá.

Ọ̀rọ̀ bàtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré fún ọ̀dọ́ tí ó ń múra àtilọ kàwé ní Faransé tàbí ní Kánádà. Yàtọ̀ sí pé òtútù ibẹ̀ kò mọ sálúbàtà, yóò bá àwọn tí ń fi síkì rìn pàdé, ìyẹn igi pẹlẹbẹ gígùn méjì tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Oríṣi tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ni ti àwọn tí ń já wálẹ̀ láti orí òkè. Oríṣi kejì, tí ó dàgbà jù ú lọ, ni ti àwọn tí ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń la pápá àti igbó kọjá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní ti èyí, iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni a dè. Gìgísẹ̀ a máa gbéra bí ìgbà tí a bá ń rìn. Nítorí náà, bútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́, láìjẹ́ pé ó há ọmọ ìka mọ́.

Awọ ni ó ṣe iṣẹ́ yìí láti ìran dé ìran. Ní ọdún 1927, ọmọ Nọ́wè kan, Bror With, ṣe irin ìdèsẹ̀ tí a mọ̀ sí Rottefella. Irú ìdèsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí àtẹ́lẹ̀ bútù ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo: ẹnu iwájú tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 75, pẹ̀lú ihò mẹ́ta tí ìṣó irin mẹ́ta ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ike dé. Ní ọdún 1992, ilé iṣẹ́ Scarpa ti Ítálì gbé Terminator jáde, bútù tí a fi ike ṣe látòkèdélẹ̀ fún irú síkì tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń gbéra. Láti ìgbà náà ni bútù aláwọ ti ń di àwárí. Àwọn tí ó mọyì rẹ̀ ní Yúróòpù ń wá a kiri lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ọjà àlòkù àti lọ́wọ́ ìwọ̀nba àwọn aránbàtà tí kò tíì pa iṣẹ́ náà tì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun nìkan ni a ń sọ. Mathilde-Amivi Petitjean díje nínú eré síkì pápá fún Tógò ní Sochi ní ọdún 2014, Samuel Ikpefan sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà ní Beijing ní ọdún 2022. Lóòótọ́, bàtà eré ìdíje òde òní ti kọ awọ sílẹ̀. Arìnrìn-àjò ni ó ṣì ń wá a.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sílé, nítorí pé ìmọ̀ awọ kò ṣàjèjì síbí. Nígbà tí Heinrich Barth, ọmọ Jámánì, dé Kánò ní ọdún 1851, ó ṣàkíyèsí òwò sálúbàtà ìlú náà, ó sì kọ ọ́ pé awọ pupa tí wọ́n ń fi omi pòpòrò ọkà bàbà rẹ ń lọ títí dé Trípólì. Ọ̀pọ̀ awọ tí Yúróòpù pè ní awọ Mòrókò, ewúrẹ́ pupa ilẹ̀ Haúsá ni ó bó o, èyí tí àwọn ará Niger ń pè ní ewúrẹ́ Maradi. Pupa ọkà bàbà náà ni a fi ń kun wàràgàsí tí à ń rà bọ̀ láti Parakou. Eérú ni wọ́n fi ń tú irun. Èso igi tí Haúsá ń pè ní bagaruwa, tí a gún kúnná, ni wọ́n fi ń sọ awọ di ohun tí kì í jẹrà. Iṣẹ́ náà bá àwọn oníṣòwò obì rìn gba Nikki àti Djougou, gbogbo ibi tí wọ́n sì pàgọ́ sí ni ó di zongo.

Ní Ọ̀yọ́, àwọn oníṣẹ́ awọ ni ó ń ṣe làbà, àpò ọlọ́nà tí àwọn oníṢàngó ń gbé kọ́ èjìká. Ní ààfin Abomey, ọba nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí sálúbàtà. Bí ó ti wù kí ìjòyè lówó tó, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀tọ́ tí ó ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ ti di ti gbogbo wa báyìí, bàtà ike àti àlòkù òkè òkun ni a sì ń fi lò ó.

Níbo ni awọ wá ń gbà sọnù? Ní ẹnu iná. Ọ̀pọ̀ pọ̀nmọ́ ni a ń fi iná jó irun rẹ̀. Ewúrẹ́ pàápàá, a kì í bó o, ńṣe ni a ń wì í. Awọ tí iná bá ti kàn a kákò, kò sì sí oje igi tí ó lè sọ ọ́ di bàtà mọ́. Ní ọdún 2022, ọ̀gá ilé ìwádìí ìjọba Nàìjíríà lórí awọ, èyí tí ó wà ní Zaria, sọ pé ó yẹ kí òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́. Ariwo tí ó tẹ̀lé e kò kéré. Ní tèmi, òfin kọ́ ni yóò yọ pọ̀nmọ́ kúrò nínú ọbẹ̀ ilá, n kò sì fẹ́ kí ó kúrò. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí alápatà rí owó tí ó pọ̀ ju ti ọbẹ̀ lọ lórí awọ tí ó bá fara balẹ̀ bó. Bí aránbàtà kò bá rí ẹni bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kò lè san irú owó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kí ó lọ sí Zongo ní Kútọnu, tàbí kí ó kọ́kọ́ wo ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kí ó wo etí awọ níbi tí a gé e: awọ gidi ní fọ́nrán bí ti okùn, ayédèrú ní aṣọ lábẹ́ ike. Kí ó tẹ iwájú bàtà. Kí awọ hun díẹ̀, kí ó sì padà sípò. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí òkè àti àtẹ́lẹ̀ ti pàdé. Nínú bútù tí àwọn ará Nọ́wè fi ń yangàn, a ṣẹ́ etí awọ síta, a sì fi okùn tí a fi ìda pa rán an mọ́ àtẹ́lẹ̀, kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé. Aránbàtà tó dáńtọ́ níbí lè rán irú rẹ̀ bí a bá fi hàn án. Ohun tí kò jẹ́ kí ó máa rán an ni pé oníbàárà ń fẹ́ kí ó lẹ̀ ẹ́ kíákíá, ní owó pọ́ọ́kú. Bàtà tí a lẹ̀, bí ó bá là, ó parí. Èyí tí a rán ṣeé tú, ó sì ṣeé pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ta bútù lásán fún yín ní orúkọ bútù síkì. Àtẹ́lẹ̀ táyà dára fún ẹrẹ̀ Calavi nígbà òjò, ṣùgbọ́n kò ní ihò mẹ́ta. Àtẹ́lẹ̀ oníhò yẹn, òkè òkun ni a ti ń rí i. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti ní kí aránbàtà fi í sí i. Òrí ni kí ẹ fi máa pa awọ náà, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó bá gbẹ tán. Ẹ má ṣe yá a níná láé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọn ẹsẹ̀, nígbà tí ó ti wú díẹ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun nípọn lọ.