Níbo Ni Kí Á Dúró Sí Láti Wo Oṣù?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá oòrùn àti òṣùpá, tí ó sì fi ìrìn wọn ṣe òǹkà ọjọ́ fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti òní kò gùn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ànábì pa á láṣẹ pé rírí oṣù ni kí á fi bẹ̀rẹ̀ àáwẹ̀, rírí oṣù náà ni kí á sì fi túnu. Ṣùgbọ́n níbo gan-an ni ẹni tí ó fẹ́ rí i yóò dúró sí?

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé ní ọdún kan tí àáwẹ̀ bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, àwa bíi ogún ènìyàn gun orí mọ́ṣáláṣí wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ṣàbáánì. A wò títí, a ò rí nǹkan kan. A sọ̀ kalẹ̀, a sọ fún jàmáà pé oṣù kò lé. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, àwọn ará abúlé kan tí kò jìnnà sí wa ránṣẹ́ pé àwọn rí i, ẹni méje tí ó ṣeé fọkàn tán. Kí ó tó di àsìkò sààrì, ilé ti pín sí méjì. Ìyàwó ń gbààwẹ̀, ọkọ ń jẹun. Ọmọ ń bi wọ́n pé ta ni kí òun tẹ̀lé. Nígbà tí ara rọlẹ̀, a padà gun ibẹ̀ ní ọ̀sán láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ o: igi máńgòrò ńlá kan àti ilé alájà mẹ́ta ni ó dúró sí ọ̀gangan ibi tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ̀yìn wọn ni oṣù lé sí.

Oṣù ọjọ́ kìíní kì í gòkè. Láàárín ọjọ́ kan, nǹkan bí dígírì 12 péré ni òṣùpá fi ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn. Bí àárín wọn kò bá tó dígírì 7, kò sí ojú tí ó lè rí i. Ẹ na apá yín síwájú tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ìbú ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó dígírì 10 lójú ọ̀run. Láàárín ẹ̀ṣẹ́ kan yẹn sí ilẹ̀ ni ẹ ó ti wá oṣù tuntun lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá ní ìdajì rẹ̀ pàápàá nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣókùnkùn tó láti fi í hàn. Bí ilé tí ó ga ní mítà 10 bá wà níwájú yín ní 100 mítà, ilé yẹn nìkan ti gba nǹkan bí dígírì 6 lọ́wọ́ yín. Kí ni ó wá kù?

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ là gbalaja: orí òkè, orí àpáta, pápá gbangba, etí odò ńlá tàbí ọ̀sà tí omi rẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn ẹni. Àwọn ará Èkó máa ń sáré lọ sí etí òkun. Ó dára, ṣùgbọ́n gúúsù ni òkun wà sí Èkó, kì í ṣe ìwọ̀-oòrùn. Ní Dìsẹ́ńbà, oòrùn máa ń fà sí ọwọ́ gúúsù kí ó tó wọ̀, ẹ lè rí i tí ó ń wọ inú òkun. Ní Júùnù, ọwọ́ àríwá ni ó ń fà sí, orí ilé àti igi ni yóò sì wọ̀ sí. Ẹ lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ fi igi kan tàbí òpó kan ṣe àmì ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Òkè àmì yẹn, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ni oṣù yóò wà.

Ohun kejì ni afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kì í fiyè sí. Àrùn méjì ni ó máa ń ṣe afẹ́fẹ́: ó lè dọ̀tí, ó sì lè máa gbọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ìsàlẹ̀ ọ̀run wá máa ń la afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 40 èyí tí ó wà lókè orí wa kọjá. Gbogbo èéfín ìgbẹ́ tí wọ́n ń sun àti gbogbo eruku ojú títì ló ń dúró dè é lọ́nà.

Èyí tí ó burú jù ni eruku ọyẹ́. Láti aṣálẹ̀ ni ó ti ń wá, pàápàá láti kòtò ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ní alẹ́ ọyẹ́, ìràwọ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ lókè, ẹ ó ní ojú ọ̀run dára. Bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ti di bí omi ògì. Láti 2014 sí 2016, Júùnù ni àáwẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òjò àti ìkùukùu ni ìṣòro wa. Ní 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ràmàdánì yóò wọlé nínú ọdún òyìnbó kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì àti ní ìparí Dìsẹ́ńbà. Ọyẹ́ ló máa pàdé wa. Ẹ fi èyí dán ibi kan wò: ṣé oòrùn máa ń dé ilẹ̀ kí ó tó pòórá? Bí ó bá ń rì sínú eruku nígbà tí ó ṣì ga tó ẹ̀ṣẹ́ kan, ẹ wá ibòmíràn tí ó ga jù. Bí òjò bá sì rọ̀ lọ́sàn-án tí ìkùukùu ká kúrò, ẹ má jókòó sílé. Òjò ti fọ afẹ́fẹ́ fún yín.

Gbígbọ̀n ńkọ́? Òun ni ó ń mú ìràwọ̀ ṣẹ́jú. Páánù, kọnkéré àti títì ọlọ́dà tí oòrùn ti yan láti àárọ̀ máa ń tú ooru sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ooru náà á sì máa pò mọ́ afẹ́fẹ́ tútù. Ìlà tín-ínrín bí irun bẹ́ẹ̀ á máa já, pàápàá fún ẹni tí ó bá lo awò olójú méjì. Orí koríko tàbí ẹ̀gbẹ́ omi sàn ju àárín páánù lọ. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ mọ èyí tipẹ́. Khalifa Al-Ma'mun, tí ó jọba láti 813 sí 833, ní kí wọ́n máa wo ọ̀run ní Baghdad àti lórí òkè Qasiyun ní Damascus. Ní 1259, orí òkè kan ní Maragha ni Nasir al-Din al-Tusi kọ́ ilé ìwòràwọ̀ rẹ̀ sí. Lóde òní, wọ́n wà lórí Mauna Kea ní Hawaii, tí ó ga ju 4,200 mítà lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ti orí òkun wá láìgbọ̀n. Àwọn òkè tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Àǹfààní wọn fún wa ni pé wọ́n ga ju òrùlé àti igi lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ìlú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù. Lójú tiwa, kò le tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ju ti iná lọ. Kí iná má ṣáà ti tàn sí yín lójú. Ẹ má sì gbé awò sójú kí oòrùn tó wọ̀ tán, ó lè fọ́ni lójú. Ẹ ṣọ́ra fún Àgùàlà náà, tí àwọn àgbà ní ó ń bá oṣù rìn: ẹlòmíràn ti rí i, ó ti pariwo oṣù. Wọ́n ròyìn pé Anas ọmọ Malik, nígbà tí ó ti darúgbó, sọ pé òun rí oṣù nígbà tí ẹlòmíràn kò rí i. Iyas bá rọra ká irun funfun kan kúrò níwájú ojú bàbá, ó ní kí wọ́n tún wò. Bàbá kò rí nǹkan kan mọ́.

Kí á tó pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́, kí á rántí Kurayb. Wọ́n rí oṣù ní ilẹ̀ Ṣáàmù ní alẹ́ Jímọ̀. Nígbà tí ó dé Mẹdínà, Ibn Abbas sọ fún un pé alẹ́ ọjọ́ kejì ni àwọn rí i. Àwọn onímímọ̀ yapa lórí ìdájọ́ rẹ̀, a ò ní wọ ibẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó pe ìkejì ní òpùrọ́.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ràmàdánì, ìṣínu ni ó máa ń gba oṣù mọ́ wa lọ́wọ́. Àsìkò tí ó yẹ kí á máa wò ni a ti wọlé lọ jẹun, bẹ́ẹ̀ oṣù tuntun kì í sábà lò ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn oòrùn. Ẹ gbé dàbínù àti omi dání, kí ẹ ṣínu níbẹ̀, kí ẹ kírun Màgáríbì níbẹ̀, kí ẹnì kan sì máa wò. Ẹni tí ó bá rí i, kí ó pe ẹlòmíràn sí ibi tí òun dúró sí kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì jọ lọ bá Lèmọ́mù ní alẹ́ náà, kí ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń jábọ̀ fún Sultan ní Ṣókótó kí wọ́n tó kéde. Bí ìkùukùu bá bò ó, ọgbọ̀n ọjọ́ ni kí á pé.