Ẹ̀jẹ̀ Ìkúnlẹ̀ àti Kókó Ìsàlẹ̀ Ọpọlọ

Ní agbègbè wa, láti Ifangni dé Sakété, bí obìnrin bá bímọ tí ọmú rẹ̀ kò sun wàrà, ẹnu kì í dákẹ́. Àwọn kan á ní aráyé ló ń bá a jà. Bí àárẹ̀ kò bá jẹ́ kó gbé omi mọ́, àwọn mìíràn á pè é ní ọ̀lẹ. Bí ọdún bá sì ń gorí ọdún tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò padà, ọ̀rọ̀ á di ẹjọ́ ìdílé. Àwa fẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lọ́jọ́ tí o bímọ?

Ìdí rèé. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn ihò imú, kókó kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju kóró ẹ̀wà lọ. Hypophyse ni àwọn dókítà wa ń pè é. Òun ni ó ń pàṣẹ fún kókó ọrùn, fún ilé ẹyin obìnrin, àti fún kókó méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, èyí tí Faransé ń pè ní surrénales, pé kí wọ́n tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí yìí náà ń gbàṣẹ. Bí oyún bá dúró, œstrogène, họ́mónù obìnrin, á pọ̀ gidigidi nínú ara. Ó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣètò wàrà nínú hypophyse di púpọ̀, kókó náà á sì wú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpalẹ̀mọ́ de ọmọ ni, àìsàn kọ́.

Ewu ibẹ̀ ni pé kókó tó wú ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣàn pẹ̀lú agbára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára ìyálọ́mọ títí ìfúnpá rẹ̀ fi já wálẹ̀, apá iwájú kókó náà lè kú. Harold Sheehan, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1937. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Ní àwọn ìlú olówó, ó ti ṣọ̀wọ́n. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀ ti ń dà láìsí ẹni tó tètè dá a dúró ni ó kù sí. Ìdí nìyẹn tí agbẹ̀bí fi ń gún ìyá ní abẹ́rẹ́ oxytocine kété tí ọmọ bá jáde. (Ó yà wá lẹ́nu láti gbọ́ pé láti ẹ̀yìn hypophyse kan náà ni ara ti ń tú họ́mónù yìí jáde fúnra rẹ̀.)

Wàrà ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù, nǹkan oṣù á tẹ̀ lé e. Irun abíyá á máa já, òtútù á máa mú un nígbà tí ooru ń mú ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, ọdún mẹ́wàá á kọjá kí àmì tó hàn gbangba, tí ẹnikẹ́ni kò ní rántí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n orí kíndìnrín ni ikú wà. Bí hypophyse kò bá ránṣẹ́ mọ́, àwọn surrénales á sùn lọ, cortisol á sì dínkù. Họ́mónù yìí ni ara fi ń dúró nígbà tí àìsàn bá kọlù ú. Obìnrin tí kò ní in tó lè máa tajà ní Igolo lójoojúmọ́. Ibà kan ṣoṣo á dé, á sì dá a wó.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Hydrocortisone ni dókítà ń kọ́kọ́ fún un kí ó tó kan oògùn kókó ọrùn, nítorí pé bí a bá fi ti ọrùn ṣíwájú, ó lè dá a wó. Yóò máa lò ó títí ayé. Bí ibà bá mú un, dókítà á ní kó sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po méjì. Bí ó bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni, lọ́jọ́ náà gan-an.