Ẹsẹ Ifá Lójú Fóònù àti Nínú Ìwé Títẹ̀: Ohun Tí A Rí ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe tuntun mọ́ lẹ́nu àwọn awo ìhà gúúsù Èkìtì. Nígbà tí GSM dé ilẹ̀ wa ní 2001, a rò pé ìpè lásán ló wà fún. Lónìí, bí ọmọ awo bá jókòó láti ṣe àyẹ̀wò, fóònù ni yóò kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ kó tó yọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ jáde. Inú fóònù náà ni ẹsẹ Ifá tó ti kọ́ wà, inú rẹ̀ náà sì ni èyí tí kò kọ́ wà. Àwọn àgbà kan ní kí a kà á léèwọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ni ìyàtọ̀ fóònù sí ìwé tí àwọn àgbà kan náà ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí? Ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ìbínú dá a lóhùn, nítorí a ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kó ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sí gbèsè.

Ìkẹ́rẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, níṣojú wa. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá ṣe àyẹ̀wò nítorí ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ọmọ awo tó dá Ifá fún un mọ odù tó jáde, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, àmọ́ kò ní ẹsẹ rẹ̀ lórí. Ó fa fóònù yọ, ó wá a, ó rí i, ó sì ń kà á sí ìyá létí. Nígbà tó dé ibi ẹbọ, ohun tó wà lójú fóònù ni “igba eko”, láìsí àmì kankan lókè tàbí nísàlẹ̀. Ó ní kí ìyá lọ wá igba ẹ̀kọ. Ìyá kò janpata. Ó yáwó lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, ó sì ń ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, torí ta ni yóò ní igba ẹ̀kọ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ọjọ́ kejì ni bàbá awo kan tó wá kí wọn nílé náà bá ẹrù ẹ̀kọ nílẹ̀, tó sì bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

“Ọmọ mi, níbo lo ti rí igba?”

“Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ síbí.”

“Igbá ni. Igbá ẹ̀kọ kan ṣoṣo. Èmi ni mo kọ́ ẹni tó kọ́ ọ̀gá rẹ.”

Ẹni tó bá fi èyí rẹ́rìn-ín kó rántí gbèsè ìyá yẹn. Bí a bá yọ àmì kúrò lára “igba”, ó lè jẹ́ iye, ó lè jẹ́ igbá tí a fi ń bumu, ó lè jẹ́ ìgbà tí ó ń lọ tó ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. “Ogede” lè jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ó sè, ó sì lè jẹ́ ògèdè tí a ó pè. “Ose” ńkọ́? Ọ̀ṣẹ́ ni, odù gan-an. Ọṣẹ ni, tí a fi ń wẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ni, tí a fi ń ka ọjọ́. Ọṣẹ́ ni, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó ṣe òun. Ẹsẹ Ifá kì í ṣe lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tí a lè fi ojú inú wo ìyókù rẹ̀.

Kí ló wá dé tí àmì fi ń já bọ́ lójú fóònù? Owó ló kọ́kọ́ fà á. Ní ayé àtẹ̀jíṣẹ́ lórí GSM, lẹ́tà 160 ni ó ń gba inú iṣẹ́ kan. Bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá ti wọ ibẹ̀, yóò já sí 70, ẹni tó ń kọ̀wé yóò sì san owó iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí ohun tí ì bá fi owó ẹyọ kan ṣe. Báyìí ni gbogbo wa ṣe kọ́ láti máa fo àmì. Nígbà tí WhatsApp dé, òfin yẹn kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àṣà náà kò lọ. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tún ní tirẹ̀: “ẹ” ní àyè tirẹ̀ nínú àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà mọ̀, “ẹ́” kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń fi àmì òkè lé e lórí lọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé lójú àwọn fóònù mìíràn àmì náà yóò sún sí ara lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹni tó bá wá dà á kọ láti ibẹ̀ yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ojú rẹ̀ lè fúyẹ́.

Ìwé títẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Wándé Abímbọ́lá gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, ẹni kan ti jókòó ka gbogbo àmì rẹ̀ kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Bí àṣìṣe bá wà lójú ewé kan, àṣìṣe kan náà ni yóò wà nínú gbogbo ẹ̀dà, a ó sì lè nàka sí i. Ìwé náà máa ń pẹ́ láyé. Ìwé Ọ̀rúnmìlà tí àlùfáà ìjọ Kírísítì nì, E. M. Lijadu, kọ ní 1908, ilé ìtẹ̀wé kan ní Adó-Èkìtì níbí ló tún un tẹ̀ ní 1972. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe tiwa, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ fún wa láti bá a jiyàn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Àṣà wa ni pé kí awo máa ki ẹsẹ lẹ́yìn ẹsẹ lábẹ́ odù tó jáde, títí ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Nínú ìwé, ẹsẹ kejì wà lábẹ́ ẹ̀kíní, ojú yóò rí i bí kò tilẹ̀ wá a. Lójú fóònù, ẹsẹ ẹyọ kan tó kọ́kọ́ yọjú ni ọmọ awo ń mú, bí ẹni pé odù náà kò ní òmíràn. Ẹni tó yẹ kó yan ẹsẹ ti di ẹni tí fóònù ń yan ẹsẹ fún.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí irú èyí lókè òkun. Ní 2018, Pablo Delgado ti Yunifásítì Valencia ní Spain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 54 jọ, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ju 170,000 lọ. Wọ́n rí i pé ẹni tó ka ohun ẹ̀kọ́ nínú ìwé ń lóye rẹ̀ ju ẹni tó kà á lójú ẹ̀rọ lọ, pàápàá bí àkókò bá há fún un. Ti ìtàn kíkà kò rí bẹ́ẹ̀. A kò ní gbé gbogbo ara lé èyí, torí kò sí ẹni tó ń kọ́ ohùn ẹnu sórí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni àkókò há fún ju awo tí aláyẹ̀wò jókòó síwájú rẹ̀ lọ?

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí a sọ pé ìwé kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ẹsẹ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó lókìkí, ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ifẹ̀ ni. Ètò odù tí William Bascom gbọ́ ní Ifẹ̀, tó sì tẹ̀ jáde ní 1969, fi Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ṣáájú Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín. Ti Ọ̀yọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa ńkọ́? Níbi tí ìwé bá ti tẹ “ilé”, àgbà Èkìtì yóò ki “ulé”. “Uṣu” ni yóò sì pe iṣu. A bá ọ̀dọ́ awo kan pàdé ní Ìsẹ̀ tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ bàbá tó bí i lẹ́nu, torí kò bá ti inú ìwé mu. Bàbá náà dákẹ́. A kò rò pé àpọ́nlé ló mú un dákẹ́.

Ìsẹ̀ yìí kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà gbé, ẹni tó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, tó fi Ògògà hàn níbi tó ti ń gba Captain Ambrose, òyìnbó ìjọba, lálejò. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley ní 1924, British Museum sì gbà á, wọ́n fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwòrán rẹ̀ ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń rí. A jẹ́wọ́ pé níbi èyí, fóònù sàn ju ìwé lọ: ìka méjì ni ọmọdé fi ń fẹ àwòrán náà lójú, tó fi ń rí ilà ojú àwọn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́. Àwọn àgbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì náà ń fi ìka fẹ ẹsẹ Ifá lójú bẹ́ẹ̀.

Ibi tí fóònù ti wúlò jù lójú wa ni pé ó lè gbé ohùn. Ìwé kò lè sọ fún wa bí àgbà Ẹmùré ṣe ń fa ọ̀rọ̀, ibi tó ti ń sinmi, ibi tí àwọn ọmọ awo ti ń dáhùn “hìn-ín”. Nígbà tí UNESCO kéde ọlá fún Ifá ní 2005, tó sì wọ inú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, ohùn ẹnu yìí náà wà lára ohun tí wọ́n bọlá fún. Ọpọ́n kì í tọ́jú nǹkan: a tẹ odù sójú ìyẹ̀rosùn láti ọ̀tún sí òsì, a sì pa á rẹ́. Orí awo ló ń tọ́jú rẹ̀, orí awo kì í sì í wà títí ayé.

Ìdí nìyẹn tí a fi lọ bá bàbá kan ní Ẹmùré, tó gbà kí a gba ohùn òun sílẹ̀ lórí ojú odù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, fóònù tí a fi gbà á kú, kò sì jí mọ́. Apá kan tí a ti fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn ló yọ, a sì ní láti tún ìyókù bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní òun kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gbàgbé. Ní báyìí, a ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, “ulé” ní “ulé”, a sì ń kà á padà sí bàbá létí kó tó di títẹ̀. Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún ló kù. Ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ọdún iṣu tuntun, kí a sì mú fóònù méjì dání.