Ìdí Tí Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp Fi Ń Kọjá Nínú Ọgbà Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Ìpè Sì Ń Já

Lọ́jọ́ kan ní àsìkò ìdánwò, àbúrò mi tó wà ní yunifásítì pè mí lórí WhatsApp láti yàrá rẹ̀ nínú ọgbà. Fóònù dún, mo gbé e, mo ní, "Báwo ni?" N kò gbọ́ nǹkan kan. Fóònù ní òun ń wá ọ̀nà, ó yí, ó yí, ìpè sì já. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ fi wọlé lórí WhatsApp yẹn kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí lórí lááìnì. Wi-Fi ibí kì í gbé ìpè." Mo wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà, mo tún wo ìpè tó já. Fóònù kan náà ni, Wi-Fi kan náà ni. Kí ló dé tí ọ̀kan fi rọ́nà kọjá tí èkejì sì kú sójú ọ̀nà?

Ohun tó ń dá wọn dúró ni firewall, ẹ̀rọ tí ilé ẹ̀kọ́ máa ń gbé sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ọgbà ti pàdé ti ìta. Iṣẹ́ mẹ́gáàdì ló ń ṣe. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ jáde, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí ohùn, fóònù á kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́, á sì ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú nǹkan tó dà bí àpòòwé. Lára àpòòwé yìí ni àdírẹ́sì ibi tó ń lọ wà, àti nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní port. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ ilé, port ni ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà fẹ́ gbà wọlé. Ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan lè ní lé ní 65,000, àwọn kan nínú wọn sì ti ní iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́: 80 ni ti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán, 443 ni ti ojú ewé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pa, 25 ni àwọn ẹ̀rọ ímeèlì fi ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ara wọn.

Mẹ́gáàdì yìí kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ lò ń kọ̀wé sí tàbí gbájúẹ̀. Ẹ̀yìn àpòòwé ló ń kà. Bí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kò bá sí nínú ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ kọ fún un, á da lẹ́tà náà nù, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì ní sọ fún ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi máa ń yí láìsọ ohun tó ṣe é. Èsì lẹ́tà tí kò kúrò ní géètì ló ń retí.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ gbóná. Lọ́dún 1997 ni ilé iṣẹ́ AOL gbé AIM jáde, ètò tí ọ̀rẹ́ méjì fi ń kọ̀rọ̀ síra wọn lójú ẹsẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì gbé e wọ yàrá kọ̀ǹpútà iléèwé. Lóṣù Kejìlá ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní CIPA. Ìjọba àpapọ̀ ti ní ètò ẹ̀dínwó lórí owó íntánẹ́ẹ̀tì fún iléèwé, láti ìdá 20 títí dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, iléèwé àwọn òtòṣì ló sì ń gbà jù. Òfin tuntun yìí ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dínwó náà gbọ́dọ̀ fi asẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ojú sí ohun tó wà nínú rẹ̀: àwòrán rírùn tó lè ba ọmọdé jẹ́ ló ní kí asẹ́ náà dá dúró. Ní ti kí ọmọ máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ní kí iléèwé ní ètò tí yóò dáàbò bo ọmọ náà ni, kò ní kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n títi ilẹ̀kùn rọrùn ju jíjókòó ti ọmọ lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléèwé ti ṣìnà.

Ó rọrùn lóòótọ́ nígbà náà. Port 5190 ni AIM ń gbà, 1863 ni ti MSN Messenger, 5050 ni ti Yahoo. Ìlà mẹ́ta péré nínú ìwé mẹ́gáàdì, gbogbo rẹ̀ ti parí. Àfi pé AIM ní ibi tí èèyàn ti lè pààrọ̀ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ AOL sì ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọmọ kọ 80 tàbí 443 síbẹ̀, mẹ́gáàdì rò pé ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò, ó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Àwọn olùtọ́jú ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ibi tí lẹ́tà ń lọ dá a mọ̀. Nígbà tó di ọdún 2005, Meebo dé, ó kó AIM, MSN àti Yahoo pọ̀ sínú ojú ewé kan ṣoṣo tí èèyàn kò ní láti fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà kó tó lò ó.

Ọgbọ́n tó wà nídìí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ wù mí láti sọ, nítorí ó ṣì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ohun tí à ń lò lónìí. Àṣà ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni pé ìwọ lò ń béèrè, ibùdó ọ̀hún á dáhùn, ó parí. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kì í dúró de ìbéèrè, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Bí ibùdó ọ̀hún bá sì fẹ́ fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn, mẹ́gáàdì kò ní jẹ́ kó wọlé, nítorí àwọn tí ará ilé ránṣẹ́ pè nìkan ló ń gbà wọlé. Wọ́n wá dọ́gbọ́n sí i. Kọ̀ǹpútà rẹ á béèrè pé, "Ṣé iṣẹ́ kankan wà fún mi?" Ibùdó ọ̀hún kò ní sọ pé rárá. Á dákẹ́, á jẹ́ kí ìbéèrè náà wà nílẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n rán lọ gba ata lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́lọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tán. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, á fi í dáhùn, kọ̀ǹpútà rẹ á sì tún béèrè lójú ẹsẹ̀. Wàhálà kan ṣoṣo ni pé mẹ́gáàdì ní ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ sí, bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá sì pẹ́ jù, á pa orúkọ wọn rẹ́. Nítorí náà ni àwọn ètò yìí fi máa ń ju nǹkan kékeré tí kò ní ìtumọ̀ ránṣẹ́ lóòrèkóòrè, kí wọ́n má bàa gbàgbé wọn. Lọ́dún 2011 ni wọ́n fi ìlànà WebSocket lélẹ̀, tó jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí láìsí pé à ń béèrè léraléra.

Lónìí, ẹnu ọ̀nà 443 ni ohun tó pọ̀ jù ń gbà, àpòòwé sì ti lẹ̀ pa. Mẹ́gáàdì kò rí inú mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí lẹ́tà ń lọ ṣì sábà máa ń hàn nígbà tí fóònù àti ibùdó ọ̀hún bá ń kí ara wọn, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ iléèwé fi ń dá àwọn tí wọn kò fẹ́ dúró. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é tó máa pé. Lọ́dún 2019, ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà pé àwọn ọmọ iléèwé ti sọ Google Docs di ibi ìtàkúrọ̀sọ. Wọ́n ṣí ìwé kan pọ̀, eléyìí kọ ìlà kan, tọ̀hún fèsì sábẹ́ rẹ̀, olùkọ́ rò pé iṣẹ́ tí òun fún wọn ni wọ́n ń ṣe. Ta ló fẹ́ ti Google Docs pa níbi tí wọ́n ti ń fi í kọ iṣẹ́ àmúrelé?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp lè gba 5222, bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, ó lè gba 443. TCP ló ń gbé e: ìránṣẹ́ tí kì í fi ẹrù sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó gbà á sọ pé òun ti rí i. Bí nǹkan bá sọnù, á padà lọ gbé e. Ohùn kò lè dúró de irú ìyẹn. Bí "ẹ kú" bá sọnù nínú "ẹ kú àárọ̀", kó máa dé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà UDP ni ìpè ń lò, ìránṣẹ́ tó ń jù ú tó sì ń sáré lọ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń ti ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà UDP pa, nítorí pé òun náà làwọn tó ń wa fíìmù jọ fi ń gbá dátà gbogbo ọgbà lọ. Wọ́n ń lé olè, wọ́n lé àlejò mọ́ ọn.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń ṣe ni kí wọ́n wa VPN ọ̀fẹ́. Àwa ní Nàìjíríà mọ VPN dáadáa láti ìgbà tí ìjọba ti Twitter pa, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. VPN á ki gbogbo àpòòwé rẹ sínú àpòòwé ńlá kan, á sì kọ àdírẹ́sì tirẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ló ń tú àpòòwé ńlá náà, ó rí gbogbo ibi tí ò ń lọ, ìwọ kò sì mọ̀ ọ́n rí. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ọmọ ogún ọdún tó kó gbogbo ìrìn rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́ nítorí kó lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Mo ní kí àbúrò mi má wa VPN kankan. A jọ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ohun kan péré la sì béèrè: kí wọ́n jẹ́ kí UDP jáde lẹ́nu ọ̀nà 3478, ibi tí ìpè WhatsApp ń gbà, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. A ṣàlàyé pé ìpè ohùn kò jẹ dátà tó fídíò. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù dún, mo gbé e, mo ní, "Báwo ni?" Mo gbọ́ ariwo fáànù nínú yàrá rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ gbé fóònù fún màmá."