Ṣé O Mọ̀? Orin Tó Jẹ́ Kìkì Orúkọ

Nínú Homework, àwo orin tí Daft Punk, àwọn ọmọkùnrin méjì láti Paris, gbé jáde lọ́dún 1997, orin kan wà tó jẹ́ pé orúkọ àwọn tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe ló kún inú rẹ̀. "Teachers" ni àkọlé rẹ̀. Ìlù ń dún lọ lábẹ́, ohùn tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí padà sì ń to orúkọ lé orúkọ: Paul Johnson, DJ Funk, Lil Louis, Jeff Mills, títí kan Dr. Dre. Bí ìgbà tí òṣèré bá ń júbà àwọn àgbà ló rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti Chicago wá, ìlú tí orin ijó house ti ṣẹ̀. Todd Edwards náà wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Nígbà tí Daft Punk gbé àwo kejì, Discovery, jáde lọ́dún 2001, Edwards fúnra rẹ̀ ló kọ orin "Face to Face" tó wà nínú rẹ̀.