Kí ló dé tí ọkọ̀ ogun fi ń rọra rìn nínú eré ogun orí tábìlì?

Saladin, ọkọ̀ ogun onírin tí iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà rà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì lò nígbà ogun abẹ́lé, lè sá eré kìlómítà 72 ní wákàtí kan lójú títì. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé ère rẹ̀ kékeré sórí tábìlì eré ogun, òfin eré kì í sábà jẹ́ kó kọjá sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn án. Kí ló fà á?

Ìṣirò ibẹ̀

Ohun méjì ni eré yìí máa ń sọ di kékeré: ilẹ̀ àti àsìkò. Lọ́dún 1824, Georg von Reisswitz, ológun Prussia, gbé eré ogun tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kriegsspiel jáde. Àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ fi ìlọ́po 8,000 kéré sí ilẹ̀ gangan, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kan òṣèré sì dúró fún ìṣẹ́jú 2.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún mítà 50, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Saladin tó ń sá gbogbo eré rẹ̀ yóò rin kìlómítà 6, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 120. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ti la tábìlì já! Sẹ̀ǹtímítà 25 tí òfin eré gbà á láyè ní tirẹ̀ jẹ́ kìlómítà 15 ní wákàtí kan.

Ohun tí ìjà Ọ̀rẹ̀ fi hàn

Ogun abẹ́lé náà fi ìdí tí òfin eré fi dín eré ọkọ̀ kù hàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú, kó sòdí gba orí afárá Odò Ọya kọjá ní Onitsha, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Benin ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìrìn tó ju kìlómítà 100 lọ. Láti Benin dé Ọ̀rẹ̀, tí kò ju ìrìn wákàtí mélòó kan lọ fún ọkọ̀, gbà wọ́n tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Banjo dúró ní Benin, ó ń to ètò ìjọba, ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ìjọba àpapọ̀ ráyè kó ọmọ ogun jọ, Biafra kò sì kọjá Ọ̀rẹ̀. Nígbà tó di 20 oṣù Kẹsàn-án, ikọ̀ Murtala Mohammed ti gba Benin padà.

Ẹ́ńjìnnì kò bàjẹ́, títì kò sá lọ. Àṣẹ ni kò wá.

Bí a bá tẹ́ tábìlì náà sí Ìjẹ̀bú ńkọ́?

Lójú ọ̀dà láti Ìjẹ̀bú-Igbó sí Àgọ́-Ìwòyè, kí ọkọ̀ rin ìrìn rẹ̀ pé. Lọ́nà inú igbó tí ọkọ̀ agẹdú ń gbà, bí òjò bá ti rọ̀, kó rin ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní Ògùn Waterside, níbi tí ilẹ̀ ti wọ irà àti ọ̀sà, ọkọ̀ tó bá kúrò lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ta dáìsì: bó bá mú 1 tàbí 2, ó ti rì nìyẹn, àfi tí òmíràn bá wá fà á jáde. Èyí tí ọ̀gá kò bá sì pàṣẹ fún, kó dúró sójú kan.

Ẹni tó bá ń kọ òfin eré, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí eré tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní ó lè sá. Kó kọ́kọ́ wo ọ̀nà, kó wo afárá, kó sì wo ẹni tó ń pàṣẹ.