Ṣé ojú ọjọ́ ló pa àwọn dinosọ́ọ̀ run?

Ọmọ tó bá ti rí àwòrán dinosọ́ọ̀ nínú ìwé kò ní pẹ́ béèrè pé: "Olùkọ́, níbo ni wọ́n wá lọ?" Kì í ṣe ẹranko inú àlọ́ o. Ní aṣálẹ̀ Ténéré, ní Nìjẹ̀ tó bá wa pààlà, wọ́n ti hú egungun wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dá ọmọ náà lóhùn pé òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó sì pa wọ́n. Ìdáhùn yẹn ò burú, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Òkúta kan ṣoṣo ò lè já lu gbogbo ẹranko ayé lórí. Ohun tó sọ ojú ọjọ́ dà ló pa èyí tó pọ̀ jù.

Ó ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Òkúta náà, tó fẹ̀ tó kìlómítà 10, já bọ́ sí ibi tí à ń pè ní Yucatán lónìí, ní Mẹ́síkò. Kòtò tó gbẹ́ síbẹ̀, Chicxulub lorúkọ rẹ̀, fẹ̀ tó kìlómítà 180. Láti Kútọnu dé Lòmé ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè fojú rí i lónìí, ilẹ̀ ti bò ó, apá kan rẹ̀ sì wà lábẹ́ òkun.

Báwo la ṣe mọ̀? Lọ́dún 1980, Luis Alvarez, ọmọ rẹ̀ Walter, àtàwọn méjì míì kéde pé irídíọ̀mù pọ̀ nínú ìpele amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Gubbio, ní Ítálì. Irídíọ̀mù ṣọ̀wọ́n gan-an lórí ilẹ̀ wa, òkúta ojú ọ̀run ló ní in dáadáa. Wọ́n rí irú amọ̀ kan náà ní Dẹ́ńmáàkì àti ní New Zealand.

Ilẹ̀ tí òkúta náà já lù ní imí-ọjọ́ púpọ̀ nínú. Imí-ọjọ́ yìí, eruku, àti èéfín igbó tó ń jó, gbogbo rẹ̀ gòkè lọ bo oòrùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọyẹ́, ẹ mọ bí eruku ṣe máa ń mú kí oòrùn ràn wẹ́wẹ́. Ẹ wá ro ọyẹ́ tó dúdú, tó bo gbogbo ayé, tí kò sì kúrò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewé fi ń se oúnjẹ tirẹ̀. Bí kò bá sí i, iná ti kú lábẹ́ ìkòkò nìyẹn. Òtútù dé, àwọn onímọ̀ ṣírò pé ooru ayé lọ sílẹ̀ ju dígírì 10 lọ. Ewé kú. Àwọn tó ń jẹ ewé kú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọn tó ń jẹ wọ́n. Ẹranko kékeré tó ń sá wọ ihò, tó lè jẹ kóró àti kòkòrò, rí nǹkan gbéra. Ọ̀nì àti ìjàpá náà là á já.

Awuyewuye ṣì wà o. Ní Íńdíà, àwọn òkè ayọnáyèéfín ń tú iná jáde ní àkókò yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn kan ní èéfín wọn ti da ojú ọjọ́ rú kí òkúta tó dé. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2010, onímọ̀ 41 jọ yẹ ẹ̀rí wò, wọ́n ní òkúta náà ló fà á. Ní tèmi, ẹ̀rí wọn lágbára jù.

Ọmọ míì á tún béèrè bóyá irú èyí tó ń da òjò wa rú lónìí náà ni. Rárá. Tiwọn jẹ́ òtútù òjijì. Tiwa jẹ́ ooru tó ń gùn díẹ̀díẹ̀, èéfín esánsì, gáàsì àti èédú tí àwa ènìyàn ń sun ló fà á.

Ní ti ibi tí wọ́n lọ, gbogbo wọn kọ́ ló lọ. Inú ìran dinosọ́ọ̀ ni ẹyẹ ti wá. Ẹ na ọwọ́ sí adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ọmọ náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa.